Inú fáìlì owó orí ni ìyá àgbà yín wà: ìdáhùn fún àǹtí kan l'Ábẹ́òkúta

Àǹtí kan kọ̀wé sí mi láti Abẹ́òkúta. Akọ̀wé ẹgbẹ́ obìnrin ni wọ́n nínú ìjọ wọn, wọ́n wá ní kí wọ́n ṣètò ìrántí ìtàn àwọn obìnrin nínú oṣù March ní láíbìrì kan ládùúgbò wọn. Ohun tí wọ́n bèèrè rèé: "Ẹ jọ̀ọ́ mà, kí la máa fi han àwọn èèyàn? Gbogbo ẹni tí mo bá bá sọ̀rọ̀ ní ká pe lẹ́kítọ̀ kan, ká ra aṣọ ẹgbẹ́, ká jẹun ká túká. Àwọn kan tiẹ̀ ní àwọn ìyá wa ò mọ̀wé, pé kò sí nǹkan kan nípa wọn nínú ìwé kankan. Ṣùgbọ́n ìyá tó bí màmá mi wà lára àwọn tó lọ jókòó láàfin nígbà ti màmá Kútì, wọ́n sì fi àpótí páànù kan sílẹ̀, rìsíìtì owó orí wà níbẹ̀, fọ́tò wà níbẹ̀, káàdì ìdáwó ẹgbẹ́ náà wà níbẹ̀. Ṣé ìyẹn já mọ́ nǹkan? Ṣé ká gbé e fún láíbìrì ni àbí ká máa tọ́jú ẹ̀ sílé?"

Àǹtí mi, ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ sì kú làálàá ẹgbẹ́. Ó ti pẹ́ tí mo ti wà lẹ́nu iṣẹ́ títọ́jú ìwé àtijọ́, ìbéèrè yín yìí sì dùn mọ́ mi nínú gan-an. Ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ dáhùn èyí tó ká yín lára jù: àpótí yẹn já mọ́ nǹkan, òun gan-an ni ẹ sì máa fi ṣe ètò yín. Tí ẹ bá tẹ́ rìsíìtì owó orí ìyá àgbà sórí tábìlì, tí ẹ wá ẹ̀dà fáìlì ìjọba tó sọ̀rọ̀ nípa owó orí yẹn kan náà, ẹ tẹ́ ẹ sí ẹ̀gbẹ́ ẹ̀, tí ìyá arúgbó kan tó mọ bí ọ̀rọ̀ ṣe jẹ́ wá jókòó tì í tó ń ṣàlàyé fún àwọn ọmọ ilé ìwé, ètò ti dé nìyẹn, lẹ́kítọ̀ tó bá wá bá yín níbẹ̀ kàn máa fi kún un ni. Aṣọ ẹgbẹ́ ò burú, oúnjẹ náà ò burú rárá, ṣùgbọ́n ilẹ̀ máa mọ́ lọ́jọ́ kejì, kí ló máa kù sílẹ̀ ní láíbìrì yẹn tí ọmọ kan á fi wọlé lọ́dún tó ń bọ̀ tá á fi rí i kà? Ìbéèrè tí mo fẹ́ kí ẹ máa bi ara yín nìyẹn bí ẹ bá ṣe ń ṣètò.

Àwọn tó ní kò sí nǹkan nípa àwọn ìyá wa nínú ìwé, mi ò ní bá wọn jà, torí bí wọ́n ṣe kọ́ gbogbo wa nílé ìwé náà nìyẹn. Tí wọ́n bá ti dárúkọ obìnrin Ẹ̀gbá, orúkọ méjì là ń gbọ́: Ẹfúnróyè Tinúbú, Ìyálóde Ẹ̀gbá tó kú ní 1887, àti Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti, màmá Kútì tí ẹ dárúkọ yẹn. Ọlá ńlá ni tàwọn méjèèjì. Ṣùgbọ́n àwọn wo ló jókòó lẹ́yìn màmá Kútì láàfin Aké lóru ọjọ́ yẹn ní ìparí November 1947? Ẹgbẹẹgbẹ̀rún obìnrin ni, aláró wà níbẹ̀, onírẹsì wà níbẹ̀, alágbo, aláṣọ, ẹni tó gbọ́mọ pọ̀n wá. Gbogbo wọn lórúkọ, gbogbo wọn ló ní ibi tí wọ́n ń pàtẹ sí. Wọ́n wà nínú ìwé o, àwa ni a ò mọ ibi tá a ti máa wá wọn.

Ẹ jẹ́ n sọ ọ̀rọ̀ náà díẹ̀ nítorí àwọn tó ń kà á tí wọn kì í ṣe ará Abẹ́òkúta. 1918 ni ìjọba òyìnbó bẹ̀rẹ̀ sí í gba owó orí tààrà ní Ẹ̀gbá, ọdún ogun Àdùbí náà ni, owó orí yìí sì wà lára nǹkan tó dá ogun ọ̀hún sílẹ̀. Ibi tí ti Ẹ̀gbá wá burú sí ni pé obìnrin ń dá tiẹ̀ san lọ́tọ̀, ọkọ ò san án fún un. Ọmọbìnrin tó bá ti pé ọdún 15 ti di ẹni tó ń san owó orí, ọkùnrin sì rèé, ó di 16 kó tó kàn án. Wọ́n fẹ̀sùn kan àwọn agbowó orí pé wọ́n a máa tú aṣọ lára ọmọdébìnrin láti wò ó bóyá ó ti dàgbà tó ẹni tó ń sanwó. Ẹ ro ó wò, kí wọ́n tú aṣọ lára ọmọ yín níta gbangba nítorí owó! Nígbà tí ogun Hítílà wá dé, wọ́n tún bẹ̀rẹ̀ sí í gba ìrẹsì lọ́wọ́ àwọn ọlọ́jà, owó tó wù wọ́n ni wọ́n ń san, ẹlòmíì kò tiẹ̀ rí kọ́bọ̀ gbà. Ẹgbẹ́ àwọn ọ̀mọ̀wé obìnrin kékeré kan tí màmá Kútì ń darí, Abẹ́òkúta Ladies' Club, ló dá sí ọ̀rọ̀ ìrẹsì yẹn, ibẹ̀ ni wọ́n ti di ọ̀kan pẹ̀lú àwọn ìyá ọlọ́jà, nígbà tó sì di 1946 wọ́n yí orúkọ ẹgbẹ́ padà sí Abẹ́òkúta Women's Union. Yorùbá ni wọ́n ń sọ nípàdé, wọ́n ń kọ́ àwọn àgbà ní ìwé kíkà, wọ́n sì gba akáǹtáǹtì kan pé kó lọ yẹ ìwé owó Native Authority, ìjọba ìbílẹ̀ tí Aláké ń darí, wò. Àwọn tí wọ́n ní wọn ò mọ̀wé ló gba akáǹtáǹtì o! Ní August 1947 màmá Kútì wà ní Lọ́ńdọ̀nù, wọ́n kọ̀wé sínú ìwé ìròyìn Daily Worker níbẹ̀ pé àwọn obìnrin ní ẹ̀tọ́ bíi ọkùnrin kí òyìnbó tó dé. Kó tó di Kérésì, àwọn obìnrin ti sùn síta ààfin. Nígbà tó di January 1949, Aláké Adémọ́lá Kejì kúrò lórí oyè, Òṣogbo ni wọ́n wà títí wọ́n fi padà dé ní 1950, ìjọba sì ti fagi lé owó orí àwọn obìnrin, àwọn obìnrin sì ti wọ ìgbìmọ̀ ìlú.

Fún ìdí yìí, rìsíìtì tó wà nínú àpótí yín yẹn, ẹ̀rí ni. Ẹ wo ọdún tó wà lórí ẹ̀ dáadáa. Tó bá jẹ́ ṣáájú 1948, ẹ ń wo ohun tí wọ́n tìtorí ẹ̀ sùn síta. Ẹ wo orúkọ tí akọ̀wé kọ, ṣé ti ìyá fúnra ẹ̀ ni àbí "ìyàwó lágbájá", ẹ wo àdúgbò, ẹ wo ẹni tó fọwọ́ sí i, ẹ yí ẹ̀yìn ẹ̀ wò torí àwọn ìyá wa a máa ní kí ọmọ tó mọ̀wé bá wọn kọ nǹkan sẹ́yìn ìwé, iye adìẹ, orúkọ ẹni tó jẹ wọ́n lówó, ọjọ́ tí wọ́n bímọ. Mo ti rí ẹ̀yìn rìsíìtì tó ní ìtàn ju iwájú ẹ̀ lọ.

Ó wá ku fáìlì tí ẹ máa tẹ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀. Ọ̀mọ̀wé Kenneth Dike, òpìtàn, ló dá Nigerian Record Office sílẹ̀ ní 1954, òun ló di National Archives, òfin ẹ̀ sì jáde ní 1957. Ti Ìbàdàn wà nínú ọgbà Yunifásítì Ìbàdàn níbẹ̀. Fáìlì ẹkùn Abẹ́òkúta ń jẹ́ Abe Prof, ẹ máa rí i bẹ́ẹ̀ nínú ìwé atọ́ka, ti ọ́fíìsì olórí akọ̀wé ìjọba l'Ékòó sì ń jẹ́ CSO 26. Ìwé ìgbìmọ̀ Ẹ̀gbá fúnra ẹ̀, Egba Council Records, wà ní ẹ̀ka National Archives tó wà l'Ábẹ́òkúta yín níbẹ̀, ẹ tiẹ̀ lè má ní láti wọkọ̀ jìnnà rárá. Ìwé màmá Kútì, lẹ́tà wọn àti ìwé ẹgbẹ́, wà ní láíbìrì Kenneth Dike ní Yunifásítì Ìbàdàn, ẹsẹ̀ lèèyàn fi ń rìn láti ibẹ̀ dé National Archives. Tí ẹ bá sì lọ́mọ ní Lọ́ńdọ̀nù, ẹ rán an lọ sí National Archives tiwọn ní Kew, kó béèrè fún CO 583, ìwé tí gómìnà Nàìjíríà àti ìjọba Lọ́ńdọ̀nù ń kọ síra wọn wà níbẹ̀.

Ibi tí àwọn èèyàn máa ń ṣubú sí rèé o, torí náà ẹ fara balẹ̀ ka ibí yìí. Wọ́n á dé ibẹ̀, wọ́n á ṣí ìwé atọ́ka, wọ́n á máa wá "women", wọ́n á rí fáìlì méjì mẹ́ta, wọ́n á ní àbí ẹ ò rí i, kò sí nǹkan. Òyìnbó tó ń to fáìlì ò to obìnrin lọ́tọ̀, wàhálà tí obìnrin fà fún un ló ń to. Nítorí náà tax ni kí ẹ wá, kí ẹ wá rice, market, adire, kí ẹ wá petition, kí ẹ wá native court àti divorce. Ẹ mú ti àdìrẹ. Ní 1936 ìjọba gbé ìgbìmọ̀ ìwádìí kalẹ̀ lórí iṣẹ́ àdìrẹ l'Ábẹ́òkúta torí pé Aláké fòfin de sódà òyìnbó àti aró òyìnbó tí àwọn aláró fi ń pa aṣọ láró, àwọn aláró kọ̀, wọ́n gba lọ́yà. Ohun tí àwọn obìnrin yẹn sọ níwájú ìgbìmọ̀, iye tí wọ́n ń ra aṣọ, bí wọ́n ṣe ń jẹ gbèsè aṣọ lọ́wọ́ àwọn ilé iṣẹ́ òyìnbó, gbogbo ẹ̀ wọnú ìwé. Judith Byfield tó jẹ́ òpìtàn ní Amẹ́ríkà kọ odidi ìwé kan lórí àwọn aláró Abẹ́òkúta, ó jáde ní 2002, irú àwọn fáìlì báyìí ló sì fi kọ ọ́. Nínú ìwé ẹ̀bẹ̀, ẹ má ka ọ̀rọ̀ òkè nìkan kí ẹ dé e padà. Akọ̀wé lẹ́tà ló kọ ti òkè yẹn, ọ̀rọ̀ àpọ́nlé lédè òyìnbó ló pọ̀ nínú ẹ̀. Ẹ lọ sísàlẹ̀, ibi tí wọ́n to orúkọ sí, tí wọ́n tẹ̀ka sí, tí ẹlòmíì fa igi méjì lé ara wọn. Ibẹ̀ ni àwọn ìyá wa wà.

Ẹlòmíì sì wà lábẹ́ orúkọ ọkùnrin pátápátá. Ẹ wo Àlímọ̀tù Pẹlẹ́wùrà l'Ékòó, ẹlẹ́ja ni, olórí ọjà Èrékò, kò mọ̀wé kọ, òun sì ni olórí ẹgbẹ́ àwọn ọlọ́jà obìnrin Èkó títí tó fi kú ní 1951. Ní December 1940 nígbà tí ìjọba fẹ́ máa gba owó orí lọ́wọ́ obìnrin tó bá ń pa ju 50 pọ́n-ùn lọ lọ́dún, Pẹlẹ́wùrà kó àwọn obìnrin jáde, ìjọba sún un sókè sí 200 pọ́n-ùn, iye tí obìnrin tó ń pa á ò pọ̀ nígbà yẹn. Nígbà ogun Hítílà yẹn kan náà, ìjọba ní àwọn á máa dá iye owó lé gàrí àti oúnjẹ ọjà, Pẹlẹ́wùrà tún kọjú ìjà sí wọn. Bẹ́ẹ̀, tí ẹ bá fẹ́ rí ìwé tí ẹgbẹ́ ẹ̀ kọ, nínú àpótí ìwé Herbert Macaulay lẹ máa ti rí púpọ̀ nínú ẹ̀, ní láíbìrì Kenneth Dike kan náà, torí ọmọ ẹgbẹ́ òṣèlú Macaulay ni wọ́n, òun ló ń bá wọn tọ́jú ìwé. Ẹni tí kò mọ̀ pé wọ́n jọ ń ṣe ò ní ronú láti ṣí àpótí yẹn láéláé. Ó máa ń dùn mí tí mo bá rántí. Iṣẹ́ tí àwa tá à ń tọ́jú ìwé ò tíì ṣe tó ni èyí, ká kọ sínú ìwé atọ́ka gbangba pé obìnrin báyìí wà nínú àpótí ọkùnrin báyìí.

Tí ẹ bá ń lọ, ẹ mú ìwé ìdánimọ̀ dání àti lẹ́tà láti ọwọ́ ẹgbẹ́ yín tàbí láíbìrì tó sọ ohun tí ẹ wá wá, ẹ mú pẹ́ńsù (bírò ò gbọ́dọ̀ sún mọ́ ìwé àtijọ́), ẹ béèrè kí ẹ tó ya fọ́tò, ẹ sì kọ nọ́ńbà fáìlì sílẹ̀ kí ẹ tó ka ọ̀rọ̀ inú ẹ̀. Mo tún un sọ, nọ́ńbà kọ́kọ́. Ẹni tó bá ya ojú ìwé láìkọ nọ́ńbà ti sọ ọ́ nù, torí ẹni tó bá tún fẹ́ rí i ò ní mọ ibi tó ti wá.

Kí n sọ díẹ̀ lórí oṣù March tí wọ́n ní kí ẹ fi ètò yín sí náà. Amẹ́ríkà ni oṣù yẹn ti wá. Ní 1978 àwọn obìnrin kan ní Sonoma County ní California ṣe ọ̀sẹ̀ ìtàn àwọn obìnrin fún àwọn ilé ìwé, wọ́n fi sí ọ̀sẹ̀ tí ọjọ́ kẹjọ March, ọjọ́ àwọn obìnrin lágbàáyé, bọ́ sí, ààrẹ Carter kéde ẹ̀ fún gbogbo orílẹ̀-èdè ní 1980, nígbà tó di 1987 ó di oṣù kan gbáko. Ṣùgbọ́n ṣáájú ká tó gbọ́ oṣù ayẹyẹ kankan, àwọn obìnrin ibẹ̀ ti ń kó ìwé jọ. Mary Beard, òpìtàn, ti gbìyànjú láti 1935 pé kí wọ́n dá ibì kan sílẹ̀ fún ìwé àwọn obìnrin gbogbo ayé, owó ò tó, wọ́n tì í ní 1940, àwọn ìwé tó ti kó jọ sì túká lọ sí oríṣiríṣi kọ́lẹ́ẹ̀jì. Ọdún mẹ́ta lẹ́yìn náà, 1943, kọ́lẹ́ẹ̀jì Radcliffe gba ìwé Maud Wood Park, ọ̀kan lára àwọn tó jà kí obìnrin lè dìbò, èyí ló dàgbà di Schlesinger Library tó lókìkí lónìí. Lọ́ńdọ̀nù náà ní tiẹ̀ láti 1926, ó ti wà lábẹ́ yunifásítì LSE báyìí. Ẹ rí i pé ìwé ló ṣáájú, ayẹyẹ tẹ̀lé e. Ẹ ṣe ti March yín, inú mi dùn sí i, ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ tèmi ni, ìparí November ni máa fi ètò ńlá ti Abẹ́òkúta sí, torí oṣù tí àwọn ìyá àgbà yín sùn síta ààfin nìyẹn. Ẹ fi March ṣe ìbẹ̀rẹ̀, ẹ fi November ṣe ti ìlú.

Ọ̀rọ̀ pípe àwọn ọ̀mọ̀wé wá. Mi ò ní kí ẹ má pè wọ́n o. Kò sí bá a ṣe fẹ́ mọ díẹ̀ tá a mọ̀ yìí bí kì í bá ṣe pé àwọn obìnrin ọ̀mọ̀wé jókòó papọ̀ tí wọ́n ń bi ara wọn léèrè. Ní April 1976 ìpàdé ńlá kan wáyé ní Yunifásítì Ìbàdàn lórí obìnrin Nàìjíríà àti ìdàgbàsókè, ní 1982 ti Zaria náà wáyé ní Ahmadu Bello, ibẹ̀ sì ni ẹgbẹ́ Women in Nigeria ti jáde. Ọ̀jọ̀gbọ́n Bọ́lánlé Awẹ́ àtàwọn ẹlẹgbẹ́ wọn dá WORDOC (Women's Research and Documentation Centre) sílẹ̀ nínú Institute of African Studies n'Íbàdàn ní àwọn ọdún 1980 sí 1989 yẹn, kí ìwé àti ìwádìí lórí obìnrin lè ní ilé kan tiẹ̀. Ìwé tí Ọ̀jọ̀gbọ́n yìí kó jọ lórí àwọn obìnrin inú ìtàn Nàìjíríà jáde ní 1992, òpìtàn kan ń sọ̀rọ̀ lórí obìnrin kan. Ẹ wo bí èyí ṣe tún ojú wa ṣe lórí Ẹfúnṣetán Aníwúrà. Ọ̀pọ̀ wa, orí ìtàgé la ti mọ̀ ọ́n, ìkà obìnrin tó ń pa ẹrú. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá gba ojú òpìtàn wò ó á rí olówó tó ní oko rẹpẹtẹ, tó ń yá àwọn ológun ní ìbọn àti ẹ̀tù láwìn, tó sì já wọn sílẹ̀ nígbà tí kò fara mọ́ ogun wọn mọ́, Ààrẹ Látòósà yọ ọ́ lóyè Ìyálóde ní 1874, wọ́n sì pa á lọ́dún yẹn náà. Ta ló jàǹfààní kí wọ́n máa pè é ní ìkà? Irú ìbéèrè yẹn, ìpàdé àwọn ọ̀mọ̀wé ló kọ́ wa ká máa bèèrè ẹ̀.

Ohun tí mi ò fẹ́ ni ìpàdé tí ọ̀jọ̀gbọ́n máa dìde ka ìwé fún wákàtí méjì lédè òyìnbó, tí àwọn ìyá ọlọ́jà á jókòó sẹ́yìn tí wọ́n á máa pàtẹ́wọ́, tí ìwé tó kà á tún bá a padà sílé nínú báàgì ẹ̀. Ẹ sọ fún un láti ìbẹ̀rẹ̀: ìṣẹ́jú ogún, Yorùbá, kí ó mú ẹ̀dà fáìlì kan dání kó ṣàlàyé ẹ̀, kó sì fi ẹ̀dà ọ̀rọ̀ ẹ̀ sílẹ̀ fún láíbìrì kó tó lọ. Lẹ́yìn náà kí àwọn ìyá dáhùn, kí wọ́n ní ibí yìí ò rí bẹ́ẹ̀, ọkọ ìyá mi ló wà nínú ọ̀rọ̀ yẹn. Àwọn orin tí wọ́n kọ láàfin, orin èébú pọ̀ nínú wọn, ẹ jẹ́ kí wọ́n kọ ọ́ bí wọ́n ṣe gbọ́ ọ lẹ́nu ìyá wọn, ẹ má jẹ́ kí pásítọ̀ dá wọn dúró, orin yẹn lohun ìjà wọn nígbà yẹn. Ẹ ká ohùn wọn sórí fóònù. Kí ẹ tó tẹ bọ́tìnnì, ẹ gba àyè lọ́wọ́ wọn, kí ẹni tó ń ká a sọ orúkọ ẹni tó ń sọ̀rọ̀, ọjọ́ àti ibi tí wọ́n wà. Tí ìyá ò bá mọ ọdún, ẹ má fi "ọdún wo ni" dà wọ́n láàmú, ẹ bi wọ́n bóyá ó ṣáájú ogun Hítílà, bóyá Aláké ti lọ sí Òṣogbo, bóyá pọ́n-ùn ni wọ́n ń ná àbí náírà ti dé (ti náírà yẹn, 1973 ni). Ẹ máa rí i pé wọ́n mọ ọjọ́ ju ìwé lọ.

Ètò kan wà tí mo fẹ́ràn gan-an fún láíbìrì kékeré: ẹ kéde nínú ṣọ́ọ̀ṣì, ní mọ́ṣáláṣí, lọ́jà, pé lọ́jọ́ Sátidé báyìí kí kálukú mú fọ́tò ìyá àgbà ẹ̀ wá, ìwé ẹgbẹ́, rìsíìtì, káàdì ìrìbọmi, ohunkóhun. Ẹ ya ẹ̀dà ẹ̀ lójú ẹ̀, ẹ kọ orúkọ àti ìtàn sílẹ̀, ẹ dá tiẹ̀ padà fún un lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Kò sẹ́ni tó máa bẹ̀rù pé ẹ gba nǹkan òun. Ẹ má gbàgbé àwọn Mùsùlùmí o, torí tiwọn ló máa ń ṣọ̀wọ́n jù nínú àkójọ wa, bẹ́ẹ̀ àwọn obìnrin bíi Alhaja Húmùánì Alága n'Íbàdàn, àwọn tó dá ẹgbẹ́ Isabatudeen sílẹ̀ ní 1958 tí wọ́n sì kọ́ ilé ìwé fún àwọn ọmọbìnrin, iṣẹ́ wọn ò kéré.

Ó kan ìtọ́jú àpótí. Ẹ gbé e kúrò nílẹ̀ lónìí, ikán àti omi ilẹ̀ ló ń jẹ ìwé jù. Páànù yẹn tó bá ti ń dípẹtà, ẹ kó ìwé inú ẹ̀ sínú páálí tó mọ́ tó sì gbẹ. Ẹ fà pín-ín-nì àti pín-ín-nì sítépùlà tó ti dípẹtà yọ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, tó bá ń fà á ya ẹ fi í sílẹ̀. Ẹ má fi sẹlotéèpù lẹ ibi tó ya. Ẹ má sì ṣe laminéètì! Mo mọ̀ pé ìfẹ́ ló máa ń mú kí àwọn èèyàn gbé sáfíkéètì ìyá wọn lọ laminéètì, ṣùgbọ́n iná ẹ̀rọ yẹn ń ba ìwé jẹ́, kò sì ṣeé yọ mọ́. Ẹ má di í sínú nylon kí ẹ so ó pa, òógùn á mú un, á bu. Fọ́tò, ẹ má dì í mú níbi àwòrán, etí ẹ̀ ni kí ẹ máa dì mú, ẹ fi pẹ́ńsù kọ orúkọ sẹ́yìn rọra, láti òsì lọ sọ́tùn-ún bí wọ́n ṣe dúró, ẹni tí ẹ ò bá mọ̀ ẹ kọ "a ò mọ̀ ọ́n" kí ẹlòmíì lè rí i kó sọ. Ẹ ya gbogbo ẹ̀ pẹ̀lú fóònù nínú ìmọ́lẹ̀ ọ̀sán lẹ́bàá fèrèsé, ẹ pa fíláàṣì. Tí ẹ bá fẹ́ fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp ẹ fi ránṣẹ́ bíi document, torí tẹ́ ẹ bá fi ránṣẹ́ bíi fọ́tò lásán ó máa fún un mọ́lẹ̀, ọ̀rọ̀ tó kéré ò ní ṣeé kà mọ́.

Ṣé ká gbé e fún láíbìrì àbí ká tọ́jú ẹ̀? Ẹ má tíì gbé e fún ẹnikẹ́ni kí ẹ tó rí ibi tó máa gbé. Ẹ lọ wo ibẹ̀ fúnra yín. Ṣé òrùlé ò jò? Ṣé wọ́n ní ìwé atọ́ka? Ẹ ní kí wọ́n mú nǹkan kan tí ẹnì kan fún wọn lọ́dún márùn-ún sẹ́yìn wá fún yín, tí wọn ò bá rí i, ìdáhùn yín nìyẹn. Mo mọ ìdílé kan tó gbé àwo fọ́tò ìyá wọn lọ sí ọ́fíìsì kan fún àfihàn, kò sí lẹ́tà, kò sí rìsíìtì, òṣìṣẹ́ tó gbà á lọ́wọ́ wọn fẹ̀yìntì, títí dòní wọn ò rí i. Nítorí náà lẹ́tà ni kí ẹ kọ́kọ́ kọ, ẹ to ohun tó wà nínú àpótí síbẹ̀ ọ̀kọ̀ọ̀kan, ẹ sọ bóyá ẹ fún wọn ni àbí ẹ yá wọn, ta ló lè rí i, ta ló lè tẹ̀ ẹ́ jáde, kí àwọn méjèèjì fọwọ́ sí i. Tí ilé yín bá gbẹ, tí ẹni kan nínú ìdílé bá ṣetán láti máa bójú tó o, ẹ fún láíbìrì ní ẹ̀dà tó dáa, kí ojúlówó wà lọ́wọ́ yín. Tó bá jẹ́ ilé tí àwọn ará ilé ti ń pín ogún tí wọ́n ń fẹ́ tà, ẹ tètè gbé e lọ síbi tí ìjọba tàbí yunifásítì á ti tọ́jú ẹ̀.

Kí ẹ tó lọ ṣí fáìlì kankan, ẹ jókòó ti màmá yín kí ẹ kọ gbogbo orúkọ tí ìyá àgbà jẹ́ sílẹ̀. Orúkọ àbísọ, oríkì, orúkọ ìrìbọmi, orúkọ bàbá wọn, orúkọ gbogbo ọkọ tí wọ́n fẹ́, "ìyá" ọmọ wo ni wọ́n ń pè wọ́n lọ́jà, àti orúkọ ọjà tí wọ́n ń tà, torí mo ti rí "Ìyá Aláró" tó tẹ̀ka sísàlẹ̀ ìwé ẹ̀bẹ̀ láìsí orúkọ míì. Ẹ kọ àdúgbò àti agbo ilé. Akọ̀wé òyìnbó náà ò mọ àmì ohùn, bó bá ṣe gbọ́ ọ ló ṣe kọ ọ́, nítorí náà ẹ máa pe orúkọ yẹn sókè bí ẹ bá ṣe ń kà á, Àṣàbí lè jáde bíi Ashabe, Ṣẹ̀gilọlá lè di Shegilola pẹ̀lú "h". Tí ẹ bá rí wọn, ẹ kọ̀wé sí mi padà kí ẹ fi nọ́ńbà fáìlì náà ránṣẹ́.